Òkú Ẹ̀rọ Ló Kù Nílé

Ọjọ́ Ajé ni Àfáà Láwàlì fi ohùn ránṣẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ruqoyah gbọ́ ọ. Iná ò sí ní àdúgbò tó háyà yàrá sí ní Sango láti ọjọ́ mélòó kan, fóònù rẹ̀ sì ti kú fin-ín. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni wọ́n fún un ní ìsinmi, nítorí pé ó ti fi ọjọ́ Àìkú ṣiṣẹ́, kò sì wá síbi iṣẹ́ tí ì bá ti rí iná fi sí i. Ìgbà tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ki wáyà bọ ògiri, ni fóònù náà jí, tí ohùn Àfáà sì jáde.

"Ruqoyah ọmọ mi, àsàláàmù àlékùmù. Jọ̀wọ́, bí ẹ ò bá tíì fọwọ́ kan àwọn ẹrù sàráà tá a kó fún yín, ẹ má tíì fọwọ́ kàn wọ́n o. Àwọn ìyá àsàlátù wá bá mi lẹ́yìn ìrun Mágàríbì lálẹ́ àná. Wọ́n ń béèrè àwọn aláìní tí ẹ máa pín in fún, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè tẹ̀ lé yín lọ wò wọ́n. Wọ́n ní kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú ohun táwọn mú wá. Wọ́n ní èyí táwọn ń lò nílé ni. Mi ò mọ ohun tí mo máa dá wọn lóhùn. Dá àwọn ọ̀gá rẹ dúró. Jọ̀wọ́, dá wọn dúró."

Ó tún un gbọ́. Kì í ṣe pé kò yé e. Ohun tó yé e náà ló ń wá ọ̀nà tí kò fi ní í yé òun.

Ó fi fóònù sílẹ̀ lára ògiri, ó sáré gba ẹ̀yìn lọ, níbi tí ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ́ nǹkan wà. Ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Àná ló jẹun, ó ti yó. Òkìtì ike wà lọ́tọ̀, òkìtì irin wà lọ́tọ̀, bàbà tí wọ́n fà jáde nínú wáyà wà nínú ọ̀rá, ó ń pupa bí òwúrọ̀. Ruqoyah bẹ̀rẹ̀, ó mú abẹ bulẹ́ńdà kan nínú òkìtì irin. Kò dípẹtà níbì kankan. Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n da àwọn aṣọ sí, àwọn aṣọ tí àwọn obìnrin fi di ẹrù wọn wá: ìborùn, gèlè, ìdajì ìró tí wọ́n fọ̀ mọ́ kí wọ́n tó fi di nǹkan. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mú ìborùn aláwọ̀ ewé kan níbẹ̀, ó ń fi nu ọ́ìlì lọ́wọ́, ó sì ń súfèé.

"Ruqoyah! Ọmọ olóríire! Ìwọ ni mo ń wá láti àárọ̀!"

Ephraim ló ń bọ̀ yẹn, ọ̀gá tó wà nídìí kíkó ẹ̀rọ jọ láti ilé dé ilé. Ìjọ rẹ̀ ló gbé e wá sí Ọ̀tà láti Èkìtì. Kò tíì pẹ́ níbí, ó ṣì máa ń kí èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ohun tó mú kọ́rọ̀ rẹ̀ ṣòro nìyẹn.

"Ọ̀gá, àwọn ẹrù mọ́sáláṣí yẹn, tuntun ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"A ò kúkú fọ́jú. Àwọn ọmọkùnrin ibí ki ọ̀kan bọ iná, ó ń kùn bí oyin. Àwọn kan ti mú áyọ́ọ̀nù lọ sílé, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mo rò pé o mọ̀ ni."

"Ta ló máa mọ irú ẹ̀ tó máa dákẹ́?"

Ephraim rẹ́rìn-ín. "Ṣé a yọ àdá sí wọn ni? Wọ́n mú un wá, a gbà á. Bàbà inú tuntun tiẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Gbọ́, jẹ́ n sọ ohun tó dáa fún ẹ. Àwọn ọ̀gá lókè ti gbọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, o kì í ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ mọ́. Ìwọ ni wàá máa darí gbogbo ètò ilé dé ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ á gbé wa lọ sí àárín ìlú Ọ̀tà, àwọn àsàlátù ńlá ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. O máa gba máíkì, o máa sọ ọ̀rọ̀ sàráà yẹn bí Àfáà yín ṣe sọ ọ́ ní Ilo-Awela. Tó bá di ìkórè, èmi náà á bá àwọn pásítọ̀ wa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára, Ruqoyah. Ọlọ́run ló fi sí ẹ lọ́kàn."

Ó lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó sì lọ.

Ruqoyah dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ bulẹ́ńdà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ephraim sọ kẹ́yìn ló ń ta á lára jù. Ọgbọ́n náà, kì í ṣe Ọlọ́run ló fi sí i lọ́kàn. Ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ ni.

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní Ilo-Awela. Ó ń rọ àwọn onílé pé kí wọ́n kó òkú ẹ̀rọ wọn sílẹ̀: áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́, kẹ́tùlù tó ń jò, fáànù tí ọrùn rẹ̀ ti kán, rédíò tó kàn ń hó ṣáá. Ilé-iṣẹ́ á tú wọn, wọ́n á yọ ohun tó wúlò níbẹ̀, wọ́n á sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó gba iṣẹ́ náà gbọ́. Ó ti rí ibi tí àwọn èwe ti ń dáná sun wáyà lẹ́yìn ọjà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, ó ti gbóòórùn èéfín dúdú yẹn, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń wúkọ́. Ó tún ti dé ilé tí rédíò kan ti gbaná lórí tábìlì, tí gbogbo pálọ̀ jóná tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, tọkàntọkàn ló fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

"Fi áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ o, ọmọ yìí," bàbá kan sọ fún un. "Ó ṣì máa jí. Ẹni tó máa tún un ṣe ló rìnrìn àjò."

"Ìgbà wo ló lọ, Bàbá?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni."

Ní ilé kejì, ọkùnrin kan na ìka sí fáànù. "Èyí ni ìyàwó mi gbé wá sílé ọkọ. Bẹ́ ẹ bá máa gbé e, ẹ gbé òun náà dání."

Ìyàwó ló dáhùn láti inú yàrá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá gbé mi! Ó kéré tán, wọ́n á sọ mí dọ̀tun níbẹ̀!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ruqoyah náà rẹ́rìn-ín, fáànù ò sì kúrò níbi tó wà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òkú ẹ̀rọ kì í ṣe pàǹtí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù là ń gbé e sí, kí àlejò lè rí i pé a ti ní in rí.

Ephraim pè é lọ́jọ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé bí ẹrù ò bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ruqoyah jókòó lẹ́yìn àwọn ìyá àsàlátù ní mọ́sáláṣí Ilo-Awela, ibi tó ti kéwú láti kékeré. Wọ́n ń tọrọ nǹkan fún kànga mọ́sáláṣí. Ó rí àwọn obìnrin tí wọn ò jẹ́ yọ̀ǹda rédíò òkú fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí wọ́n ń tú kókó owó etí aṣọ wọn láìbojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i lórí. Ẹni tí kò lè fún ọ ní abẹ́rẹ́, bó bá gbọ́ sàráà, á fún Ọlọ́run ní aṣọ ọrùn rẹ̀.

Ó lọ bá Àfáà Láwàlì.

"Kí ni wọ́n máa fi wọ́n ṣe?" Àfáà bi í.

"Wọ́n á sọ wọ́n di ohun tó máa wúlò fáwọn èèyàn, Àfáà."

Inú Àfáà dùn. Ó gba máíkì. "Ẹ̀yin ìyá wa," ó ní, "ẹ wo inú ilé yín. Ẹ mú nínú ẹ̀rọ yín wá, ẹ fi ṣe sàráà. Ó máa dé ọwọ́ àwọn aláìní, Ọlọ́run á sì gbà á lọ́wọ́ yín."

Ruqoyah gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ tiẹ̀ kúrò lórí ẹní. Àwọn aláìní kọ́, ẹ̀rọ ìfọ́nǹkan ni. Ṣùgbọ́n gbogbo mọ́sáláṣí ti hó "Àmín," ta ló sì máa dìde lẹ́yìn àmín láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ó padà jókòó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òkú ẹ̀rọ ni wọ́n á kúkú mú wá, pé kò sí aláìní tó máa pàdánù nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, wọ́n kó ẹrù wá. Dídì ni wọ́n di gbogbo rẹ̀. A kì í gbé sàráà síta gbangba, kí ṣekárími má baà jẹ láádá rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọwọ́ tó gbà á pàápàá kì í tú u lójú ẹni tó mú un wá. Ruqoyah ń gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kúnlẹ̀, ó ń kó wọn sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi díẹ̀. Ó rò pé ìtìjú ni wọ́n fi bo òkú. Kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n fi bo alààyè. Bẹ́ẹ̀ òun náà ti jókòó lórí ẹní kéwú yẹn kan náà, wọ́n ti kọ́ òun náà pé ohun tí ìwọ fúnra rẹ ò ní í fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, o ò gbọdọ̀ fi ṣe sàráà. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó rántí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ó ju abẹ náà sílẹ̀, ó yọ fóònù rẹ̀ lára ògiri sínú báàgì, ó bọ́ sójú pópó, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilo-Awela.

Àfáà Láwàlì wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú mọ́sáláṣí, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Nígbà tí Ruqoyah sọ fún un pé wọ́n ti fọ́ gbogbo rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà láàárín ìka rẹ̀ dúró.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Àfáà. Láti àná."

"Ìnná lílláhì."  Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Jókòó. Ṣó o mọ̀ pé àníyàn ni sàráà? Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni Ọlọ́run kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ ṣe. Láádá wọn pé. Bó o bá wá tú ọ̀rọ̀ yìí síta, kí lo fẹ́ kí wọ́n fi ìbínú wọn ṣe? Mọ́sáláṣí ni wọ́n máa dà á lé lórí. Ẹnu mi ni wọ́n kúkú ti gbọ́ ọ."

"Ẹnu yín ni, Àfáà, ṣùgbọ́n èmi ni mo—"

"Mo mọ̀. Bò ó. A kì í torí pé a jẹ̀bi ká máa fi ìdí ara wa han ọjà. Lọ sílé, lọ bá màmá rẹ yọ̀."

"Yọ̀ ti kí ni?"

Àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. "O ò tíì gbọ́? Àdùkẹ́ ti bímọ! Lánàá. Wọ́n ní àwọn pè ẹ́ títí, fóònù rẹ kú."

Àdùkẹ́ ni ọmọ Àdìzát. Àdìzát sì ni ẹ̀gbọ́n ìyá Ruqoyah, òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Màmá ló sì ń pè é. Gbogbo Ilo-Awela ló mọ ojú tí Àdùkẹ́ ti rí. Oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí, ó tún wálẹ̀, ẹnu àdúgbò sì ti ń rà yí i ká. Bó ṣe ń rìn lọ sílé Màmá, ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ruqoyah lára díẹ̀díẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń gba ọ̀rọ̀ Àfáà gbọ́. Bóyá kí òun bò ó. Bóyá kí òun bá Ephraim lọ sí Ọ̀tà, kí òun kàn yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀ lórí máíkì. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àwọn tó bá a jáde ilé-ìwé ṣì ń wá irú rẹ̀ kiri gbogbo ilé-iṣẹ́ Sango.

Àdìzát wà lẹ́yìnkùlé, lórí àpótí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú òfio. Ohun tó ń tà nìyẹn: ó ń lọ òfio mọ́ dàbínù, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń rọ ọ́ sínú ike, ó sì ń gbé e lọ sí Ìyànà Iyesi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń ṣà á. Wọ́n ti fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún láti ìka dé ọrùn ọwọ́, òrí sì ti ṣàn jáde lára aṣọ náà.

"Ìyá ọlọ́mọ dé!" ó kígbe bó ṣe rí Ruqoyah. "Rọra, ìyá àtọmọ ń sùn nínú ilé. Obìnrin ni! Imú ẹ̀ rí bíi tèmi, ọkọ Àdùkẹ́ ti ń bẹ Ọlọ́run kó yí i padà. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ tọmọ!"

"Ẹ kú oríire, Màmá. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Iná gbé mi ni. Kì í ṣe nǹkan. Ó gbé mi, ó sì sọ mí kalẹ̀. Ẹlòmíràn, gbígbé ló máa ń gbé e lọ."

"Iná kí?"

"Ti bulẹ́ńdà. Ṣé àwọn ọmọ Iyesi mọ̀ pé mo ní ọmọ-ọmọ? Òfio ni wọ́n mọ̀. Mo gbé èyí àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo fi téèpù wé wáyà rẹ̀. Mo ní Bísímílàhì, mo tẹ̀ ẹ́. Ariwo tí mo pa, ọmọ jòjòló náà bá mi pa á."

Bulẹ́ńdà náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ruqoyah mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá.

"Èyí tuntun ńkọ́, Màmá?"

Àdìzát wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó béèrè ibi tí oòrùn ń lọ. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú? Mo fi ìborùn mi aláwọ̀ ewé dì í. Èyí tí bàbá Àdùkẹ́ rà fún mi kó tó kú."

Ruqoyah rọra jókòó sórí ilẹ̀.

"Òkú ẹ̀rọ la ní kẹ́ ẹ mú wá, Màmá. Òkú la ń wá."

"Ta ló ń kó òkú lọ fún Ọlọ́run?" Àdìzát rẹ́rìn-ín. "Mo dúró níwájú àwọn bulẹ́ńdà méjèèjì. Mo ní, ìwọ Àdìzát, ọmọ rẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ lónìí tàbí lọ́la, èwo lo máa gbé lé Ọba lọ́wọ́? Ó dùn mí o, mi ò ní í purọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá dunni, sàráà kọ́ nìyẹn, ìkólẹ̀ ni. Ìyá Láńre náà, kẹ́tùlù tó fi ń ta tíì lẹ́nu géètì ló mú wá. Gbogbo wa bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì gan-an ni Àdùkẹ́ sọ̀ wẹ́rẹ́."

"Ìyá Láńre wá ń fi kí ni ta tíì báyìí?"

"Èyí àtijọ́ náà ni. Kí ló tún fẹ́ fi tà á?"

Ojú Ruqoyah ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Ó rí gbogbo ilé tí sàráà ti jáde lọ sí mọ́sáláṣí. Ó rí òkú ẹ̀rọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń nu eruku rẹ̀ nù, tí wọ́n ń fi téèpù wé wáyà rẹ̀, tí wọ́n ń ní Bísímílàhì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ òkú ẹ̀rọ. Ó ti kó alààyè lọ, ó fi òkú sílẹ̀ fún wọn.

Fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì. Ephraim ló kọ̀wé sí i: ọkọ̀ á ti dúró láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, kó múra dáadáa, ọ̀gá kan á bá wọn lọ láti rí i. Ó fi fóònù náà padà sínú báàgì.

"Màmá, wọn ò fún aláìní kankan."

"Kí lo wí?"

"Bulẹ́ńdà yín. Ti gbogbo yín. Kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ wa fọ́ ọ, wọ́n yọ bàbà inú rẹ̀. Iṣẹ́ tá à ń ṣe nìyẹn. Àfáà sọ pé aláìní ló máa gbà á, mo gbọ́, mo sì dákẹ́."

 Àdìzát mú òfio kan, ó wò ó, ó jù ú sínú abọ́. Ó mú òmíràn.

"Ìborùn mi ńkọ́?" ó béèrè nígbà tó yá.

 Ruqoyah rí ọwọ́ òṣìṣẹ́ yẹn, ó rí ọ́ìlì, ó gbọ́ bó ṣe ń súfèé. Àdìzát wo ojú rẹ̀, kò sì béèrè mọ́.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Àfáà nìkan."

"Kí ló ní kó o ṣe?"

"Ó ní kí n bò ó."

"Àfáà gbọ́n. Bò ó."

"Màmá—"

"Mo ní kó o bò ó!" Ó rántí ìyá àtọmọ tó ń sùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn náà sì wá burú ju ariwo lọ. "Ọjọ́ Ajé là ń sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo àsàlátù ló ń bọ̀ nínú àgbàlá yìí. Mo ti sọ fún wọn pé sàráà ni mo fi gbà á. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, mo ń fò sókè. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú ọmọ yẹn kí wọ́n máa wo ara wọn lójú? Kí wọ́n ní sàráà tá a fi gbà á, àwọn onírin ló jẹ ẹ́? Àwọn tó ti ń pe Àdùkẹ́ ní ẹlẹ́mèrè, àná yìí ni ẹnu wọn pa dé. Ìwọ lo fẹ́ lọ ṣí i fún wọn."

"Ẹ wo ọwọ́ yín, Màmá."

"Ọwọ́ mi ni. Ṣé mo ráhùn sí ẹ ni?"

"Ẹ̀yin, ó sọ yín kalẹ̀. Bó bá gbé Ìyá Láńre tí kò sọ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Lọ sílé Ìyá Láńre, kí o sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé kó má lo kẹ́tùlù yẹn."

"Á ní kí ni ìdí rẹ̀. Kí ni mo máa sọ? Màmá, ẹ̀yin gan-an, bí mo bá ní kẹ́ ẹ gbé bulẹ́ńdà yìí jù nù láìsọ ìdí rẹ̀, ṣé ẹ máa gbé e jù nù?"

 Bulẹ́ńdà náà wà níbẹ̀ láàárín wọn. Ọmọ tuntun ké nínú ilé, Àdùkẹ́ sì ń rẹ̀ ẹ́, ó ń pè é lórúkọ tí wọn ò tíì sọ ọ́. Àdìzát fi ọwọ́ òsì nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

"Ruqoyah," ó ní, "mo tọ́ ẹ. Mo gbé ẹ pọ̀n mọ́ ìdí òfio yìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ rí lórí ohunkóhun. Mo bẹ̀ ẹ́ lónìí. Fi sàráà mi sílẹ̀ fún mi."

Ruqoyah kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ òsì Àdìzát mú, nítorí pé ọ̀tún ò ṣeé dì mú. Àdìzát kò fà á, kò sì dì í mú padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní í bá Ephraim lọ sí Ọ̀tà, mi ò sì ní í bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, màá dìde níwájú àsàlátù. Màá sọ fún wọn pé wọ́n ti fọ́ sàráà wọn, pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Màá ní kí wọ́n yọ òkú ẹ̀rọ kúrò nídìí iná kó tó pa ẹnì kan. Bẹ́ ẹ bá lé mi nínú àgbàlá yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́."